Ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ Ń Kẹ́kọ̀ọ́

Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀ ní ìdajì òkè, ó gbọn ara rẹ̀ bí ajá tí omi dà sí lára, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Jẹ́jẹ́ tẹ iná mọ́ ọn. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n orí òkè kò sún mọ́ wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́ta fún mọ́ra bí aṣọ inú àpótí. Ọ̀gá wọn jókòó níwájú pẹ̀lú báàgì lórí itan, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Jẹ́jẹ́," ni èyí tó kéré jù nínú wọn pè láti ẹ̀yìn, "ṣé ká sọ̀ kalẹ̀ ká gbé e pọ̀n ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ ni. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ nínú bàtà funfun, ọkọ̀ òfìfo sì ń rá pálá tẹ̀lé wọn bí ọmọ tó mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀. Nítorí pé ó máa ń fi pẹ̀lẹ́ wakọ̀ ni àwọn èrò ṣe sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nígbà kan. Ní báyìí, kò sí ẹni tó rántí pé ìyìn ni.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọ̀gá nọ́ọ̀sì jẹ́ kí àwọn yòókù wọlé kí ó tó padà wá síbi fèrèsé ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kò lè lọ sùn àfi tí a bá dé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú wa."

"Mo mọ̀, ìyá."

"Ọlọ́kọ̀ kan ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ní ká ṣì fara dà á. Àmọ́ tó bá tún rí báyìí lọ́la, a ó kúkú máa bá a lọ ni."

Jẹ́jẹ́ ń wo ọ̀gá náà bí ó ṣe ń wọlé lọ. Àwọn mẹ́rin yìí ni iṣẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ó gbé wọn lọ, nírọ̀lẹ́ ó gbé wọn bọ̀. Àwọn èrò ojú ọ̀nà tó ń ṣà láàárín méjèèjì kò tó ohun tí ènìyàn ń gbọ́kàn lé. Tí wọ́n bá lọ, kí ó kúkú sọ ọkọ̀ náà di ilé adìẹ.

Ní abẹ́ sítíárìn, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, bí ojú ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ. Ṣíìpù ni, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ inú ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi owó oṣù àkọ́kọ́ tó gbà ní ilé ìfọṣọ rà á fún un. Ó rí ọkùnrin kan lórí fóònù tó ki irú rẹ̀ bọ ọkọ̀ jákujàku kan, tí ọkọ̀ náà sì fò bí ẹyẹ, tí epo rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó tán. Ó fi bébà aláràbarà wé e. "Bàbá mi, ẹ kàn máa kì í bọ ihò abẹ́ sítíárìn ni. Ó máa kọ́ bí ẹ ṣe ń wakọ̀, ó sì máa fún ẹ́ńjìnnì lágbára." Kí Jẹ́jẹ́ tó wa ọkọ̀ jáde lójúde rárá ló ti sọ pé òun ti rí ìyàtọ̀. Irú ayọ̀ tó rí lójú ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú.

Ìwé inú páálí kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Tí wọ́n bá yọ ọ́, yóò gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ábídí. Nítorí náà, Jẹ́jẹ́ kò yọ ọ́. Nígbà tó yá tí iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan tàn níwájú sítíárìn, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé àmì pé ẹ̀kọ́ ti ń wọlé ni. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní kò sí ẹni tó ń kọ́ ìrìn tí kì í ṣubú. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tó ti ń dúró de ọkọ̀ náà kó dìde.

Mẹkáníìkì rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ní irun lórí. Abẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn ló wà nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Jẹ́jẹ́! Mo ti ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ ẹ láti ìkóríta. Mo rò pé ẹnì kan ń lọ ata ni."

"Bá mi wò ó. Tí kò bá gun òkè lọ́la, àwọn nọ́ọ̀sì mi ti lọ nìyẹn."

Mẹkáníìkì jáde, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó tẹ́tí sí i, ó mi orí. Ó mú ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ wá, èyí tó ní okùn gígùn lẹ́nu, ó sì tẹ orí bọ abẹ́ sítíárìn. Kò pẹ́ tó tún yọ orí jáde.

"Kí ni nǹkan tó ń ṣẹ́jú yìí?"

"Ṣíìpù ni. Má yọ ọ́ o."

"Inú ihò tó dí yìí ni mo ti ń bi ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Kò ní òmíràn."

"Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni."

Mẹkáníìkì wò ó títí. "Láti ìgbà wo?"

"Bí oṣù méjì."

"Ilé ìwé wo ni kì í gba ìsinmi? Jẹ́jẹ́, yọ nǹkan yìí, jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu ọkọ̀."

"Ọmọ mi ló rà á fún mi."

"Ṣé mo ní kó o jù ú nù ni? Mo ní kó o yọ ọ́."

"Kò sí ọgbọ́n mìíràn tí a lè dá?"

"Ó wà. Mo lè máa tú ẹ́ńjìnnì ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa méfò. Àmọ́ ìwọ lo máa sanwó gbogbo èyí tí mo bá ṣì mú."

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ṣíìpù náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó rántí bébà aláràbarà. Ó rántí bí ọmọ náà ṣe dúró sójúde tó ń pa àtẹ́wọ́ bí ó ṣe ń wakọ̀ lọ. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Màá padà wá," ló wí.

"Ó dàbọ̀ o, bàbá akẹ́kọ̀ọ́." Mẹkáníìkì ti ń padà sábẹ́ ọkọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀. "Ọkọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

Jẹ́jẹ́ lọ dúró síbi òjìji ògiri ilé ìfọṣọ, ó ń dúró kí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ parí. Ó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Òwe nípa ẹni tí a ní kó féni lójú, tó fi ata sẹ́nu, wá sí i lọ́kàn. Ó lé e kúrò kíákíá, bí ẹni pé ọmọ náà lè gbọ́ ọ láti inú ilé. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ooru funfun ń tú jáde pẹ̀lú òórùn ọṣẹ líle tó ń ta ènìyàn nímú. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ jáde láàárín ooru yẹn, ó wé gèlè kékeré mọ́rí, omi ti jẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ wú. Ó jókòó níwájú, ó gbé orí lé dígí fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá mi."

"Màmá mi, o kú làálàá."

"Ṣíìpù ńkọ́?"

"Háà! Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni." Ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ náà gbọ̀n débi pé dígí lu orí ọmọ náà, ẹ́ńjìnnì sì kú. Jẹ́jẹ́ tún yí i. Ó tún kú. Nígbà kẹta, kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́.

"Bàbá mi."

"Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ohun tuntun kì í..."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ sábẹ́ sítíárìn, ó sì fà á yọ. Iná aláwọ̀ ewé náà kú. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ kò gbàgbé nǹkan kan, nítorí kò sí ohun tó ti mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ra irú rẹ̀," ni ọmọ náà wí, ó ń yí i ká lọ́wọ́. "Ó tú u. Iná yìí àti bọ́tìnnì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò so mọ́ ibì kankan."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ní ó ń ṣiṣẹ́! Ojoojúmọ́ ni mo ń bi yín, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ní ó ń ṣiṣẹ́. Mo wá ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá tiyín ló yàtọ̀."

Jẹ́jẹ́ fẹ́ bínú, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gbígbẹ kan báyìí. Ọmọ náà wò ó fìrí láti mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra wa ọkọ̀ tó ń gbọ̀n náà padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò pẹ́ rárá. Ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń dúró pẹ́ kí wọ́n bi í.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì yìí fi ń rìn," ni mẹkáníìkì wí. "Ọ̀kan ti rọ. Kọ́ìlì tó ń fi iná sí i ló kú. Mẹ́ta tó kù ló fi ń gbé yín gun òkè látọjọ́ yìí." Ó fi ìka kan iná pupa rẹ́súrẹ́sú iwájú sítíárìn. "Èyí ńkọ́? O ò rí i ni?"

"Mo rí i."

"O wá ṣe kí ni?"

Jẹ́jẹ́ kò lè sọ pé inú òun dùn sí i. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan.

Mẹkáníìkì yí padà sí ọmọ náà. "Ìyá, ìwọ lo fi ọkọ̀ sílé ìwé?" Ọmọ náà fi ọwọ́ bojú. "Kò burú. Lọ́jọ́ mìíràn tí ìfẹ́ bàbá ẹ bá ń pa ẹ́, kọ́ìlì ni kó o rà."

Nígbà tó fi máa pààrọ̀ kọ́ìlì náà tán, oòrùn ti ń rọlẹ̀, ó sì ti tó àkókò láti lọ kó àwọn nọ́ọ̀sì. Kò sí àyè láti kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ délé. Ó ní kó jókòó síbi tó wà.

Ọkọ̀ náà gun òkè. Kò sáré, kò fò bí ẹyẹ. Ó kàn ń gùn ún ni, bí ọkọ̀ ṣe yẹ kó gun òkè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ya Jẹ́jẹ́ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí etí rẹ̀ ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì nìkan, tó ń ṣọ́ ìgbà tí yóò tún gbọ̀n, débi pé ó ti gbàgbé pé ohùn mìíràn wà láyé. Ó gbọ́ afẹ́fẹ́ létí fèrèsé. Ó gbọ́ táyà lórí ọ̀dà.

Ó sì gbọ́ ohun mìíràn, ohùn tín-ín-rín kan tó ń fọn fèé, tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó rọ ẹsẹ̀ lórí iná kí ó lè mọ ibi tó ti ń wá lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ohùn náà kò dúró. Nígbà náà ni ọmọ rẹ̀ wúkọ́, ẹnu rẹ̀ pa dé, èjìká rẹ̀ gbé sókè, bí ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ikọ́ mì. Lẹ́yìn ikọ́ náà, èémí rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọn.

"Kí nìyẹn?"

"Eruku ni, Bàbá mi." Ó dáhùn kíá, ó sì rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́ mọ ìdáhùn yẹn. Òun gan-an ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Orí òkè ti hàn. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò ti máa jáde báyìí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ẹ máa pẹ́ o," ni ọmọ náà wí. "Bàbá mi, wọ́n á máa dúró dè yín."

Ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó lè gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ dáadáa.

"Láti ìgbà wo?"