Fèrèsé Tó Kọjú Sódò

Ọdún kejì rèé tí Renata Dzurko ti ń gbìyànjú láti ya fọ́tò kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé kò mọ fọ́tò yà. Irú èyí tó ń lé ni kò rọrùn. Ó fẹ́ ya gbogbo àárín ìlú Pittsburgh láti orí òkè Mount Washington, kó sì mọ́ kedere débi pé ẹni tó bá ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà á lè máa fà á súnmọ́ra títí á fi rí ẹyẹlé tó bà sójú fèrèsé ilé gogoro ní òdìkejì odò.

Kò sí kámẹ́rà tó lè ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ló máa ń gbé tirẹ̀ ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ̀rọ kékeré kan á máa yí i díẹ̀díẹ̀, tí á máa ya ìlú náà ní ègé-ègé, láti òkè dé ilẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì. Tó bá délé, kọ̀ǹpútà á wá rán àwọn ègé náà pọ̀ di odindi. Ibi ìrànpọ̀ yìí ni ìyà ti máa ń jẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, ìkùukùu ń kọjá lójú oòrùn nígbà tó ń yà á lọ́wọ́, ìlú náà wá jáde ní àbàwọ́n-àbàwọ́n bí orí ọmọ tí làpálàpá bò. Lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ojú omi tó kó èédú rìn wọnú ègé mẹ́ta, ó sì di ọkọ̀ onímú mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni tọkọtìyàwó kan tó wá ya fọ́tò ìgbéyàwó fara ti ọgbà irin etí òkè tó gbé kámẹ́rà rẹ̀ tì. Nígbà tó délé, afárá tó rẹwà jù nínú ìlú ti já sí méjì. Kò bá wọn jà lọ́jọ́ náà o. Ó kí wọn kú oríire, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ lu sítíárìn ọkọ̀ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Emil, tó máa ń wá jẹ pierogi, ìyẹ̀fun sísè tí wọ́n ki ànàmọ́ sínú ẹ̀, nílé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, kò jẹ́ kó gbádùn.

“Renata, wọ́n ń ta káàdì tí fọ́tò ìlú yìí wà lára ẹ̀ nílé epo,” ló máa ń sọ. “Ra ọ̀kan, kó o jókòó jẹ́ẹ́.”

“Jẹun ẹ, Emil,” ni èsì tó máa ń fún un.

Iṣẹ́ awò ojú ni Renata ń ṣe. Òun ló ń gé awò ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìsàlẹ̀ òkè. Orí òkè yẹn náà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sílé ìwé tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Títí di ìgbà náà, ohun tó mọ̀ sí ìlú kò ju ìmọ́lẹ̀ tó dàrú mọ́ra lọ. Ọjọ́ tí wọ́n fi awò sí i lójú, tó rí i pé ilé kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé, tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan nínú, ó dúró síbi ọgbà irin orí òkè, kò fẹ́ wọlé mọ́. Ohun tó fẹ́ fi han àwọn èèyàn nìyẹn.

Ní oṣù Òkítóbà, lọ́jọ́ ìsinmi kan, òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́ tónítóní. Bọ́ọ̀lù wà lọ́jọ́ náà, gbogbo ayé ti lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tó máa fara ti ọgbà irin. Atẹ́gùn kò le débi tó lè mi kámẹ́rà. Kámẹ́rà yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà rán an tán, Renata wá gbogbo ojú ìrán náà kiri, kò rí àléébù kan. Ó rí ìdè irin lára afárá. Ó rí ọkùnrin kan tó ń bọmi rin òdòdó lórí òrùlé. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo èèyàn lè wò ó, ó sì sun oorun àsùnwọra.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i yìn ín. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rí ọkùnrin aláṣọ pínkì.

Ó wà nínú ilé gogoro kan létí odò, lójú fèrèsé. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó wọ aṣọ onírun pínkì olódòdó tí àwọn obìnrin máa ń fi bora tí wọ́n bá wẹ̀ tán. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó la ẹnu sílẹ̀. Àwọn kan ní ó ń kọrin, àwọn kan ní ó ń jó. Wọ́n gé e jáde nínú fọ́tò náà, wọ́n fi orin sí i, wọ́n fi adé sí i lórí, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Tẹlifíṣọ̀n àdúgbò fi í hàn. Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹni tó wá wọn ojú ló ń béèrè bóyá òun ló ya ọkùnrin aláṣọ pínkì. Kò sẹ́ni tó béèrè nípa afárá. Inú bí Renata débi pé ó gé awò oníbàárà kan bàjẹ́, ó sì ní láti gé òmíràn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó dé fìlà, aṣọ rẹ̀ sì mọ́. Renata kí i, ó béèrè bóyá awò tuntun ló fẹ́.

“Ojú mi ríran,” ni bàbá náà fèsì. “Ojú àwọn ará ìlú ló ń dà mí láàmú. Èmi ni ọkùnrin aláṣọ pínkì.”

Algis Bartkus ni orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìlú ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi dá ojú rẹ̀ mọ̀ kíákíá. Ó ní níbi tí òun ti ń ra búrẹ́dì, ṣe ni wọ́n ń nawọ́ sókè tí wọ́n bá ti rí òun. Ó fẹ́ kí Renata yọ fọ́tò náà kúrò.

“Mo lè bo ojú fèrèsé yín nínú ẹ̀, sà,” ni Renata wí.

“Kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á nàka sí dáadáa? Yọ gbogbo ẹ̀.”

“Bàbá, ọdún méjì ni mo fi wá fọ́tò yìí. Èmi kọ́ ni mo gbé yín síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dúró lójú fèrèsé.”

“Inú ilé mi ni mo dúró sí,” ni Bartkus wí. Ó tẹ fìlà rẹ̀ mọ́rí dáadáa, ó sì jáde.

Nígbà tí Renata ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún Emil, ó rò pé á tún fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni Emil wà.

“Má yọ ọ́ rárá,” ló wí, pierogi sì kún ẹnu rẹ̀. “Ẹni tí ò bá fẹ́ ká rí òun, kó fa kọ́tìnì.”

Ohun tí Renata fúnra rẹ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀bù kò yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Emil, ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí rẹ̀ mọ́. Kò lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ilé gogoro náà. Bí Bartkus ṣe ṣílẹ̀kùn ni òtútù kọ lù ú láti inú ilé, bí ẹni pé ìta ló ń wọ̀. Aṣọ pínkì náà wà lọ́rùn bàbá, lórí ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò.

“Kí ni wọ́n ní mò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?” ló béèrè.

“Wọ́n ní ẹ̀ ń kọrin, sà.”

“Sẹ́lótéèpù ló wà lẹ́nu mi.”

Ó mú un lọ síbi fèrèsé. Férémù rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lára ògiri, ọwọ́ lè wọ àlàfo náà. Ọ̀rá ni bàbá fi dí i, ó sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yí ká. Ó ní ohun tí òun ń ṣe lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ: òun fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀rá mú lókè, òun sì fi eyín di téèpù. Aṣọ pínkì náà, ti ìyàwó òun Adele ni. Ó kú nígbà òtútù tó kọjá, kò sì sí aṣọ mìíràn nínú ilé tó móoru tó o. Bartkus ti ń bẹ máníjà ilé náà láti ìgbà tí Adele ṣì wà láàyè pé kó tún fèrèsé ṣe. Ohun tí máníjà ń sọ ni pé tiwọn nìkan ló bàjẹ́, àwọn ni wọn kò lò ó dáadáa.

Ojú ti Renata, inú sì tún bí i. Fọ́tò tó hàn títí dé ẹsẹ̀ ẹyẹlé kò fi téèpù han ẹnikẹ́ni, torí pé téèpù náà kò ní àwọ̀.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì láti fi fèrèsé náà han Bartkus. Bí wọ́n ṣe ń fà á súnmọ́ra ni ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé òkè. Ọ̀rá wà lójú ìyẹn náà, atẹ́gùn ti fẹ́ ẹ kún bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ afunfèrè. Ti ìsàlẹ̀, wọ́n fi tówẹ̀lì dí i. Wọ́n rọra ń wò ó lọ láti àjà dé àjà, Bartkus sì ń dárúkọ ẹni tó ń gbé inú kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé ilé náà tí wọ́n dí pọ̀ ju èyí tí wọn kò dí lọ. Máníjà ti sọ fún oníkálukú wọn pé tirẹ̀ nìkan ni.

Wọ́n jọ tọ máníjà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lójú àánú ni. Ó wo fọ́tò náà dáadáa, ó yin Renata, ó wá béèrè bó ṣe yà á. Renata ṣàlàyé fún un láìfi nǹkan pamọ́.

“Ẹ ní kọ̀ǹpútà ló rán an pọ̀,” ni máníjà wí. “Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe òun ló rán ọ̀rá mọ́ fèrèsé wa?”

Renata ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì gbà. Nígbà tí wọ́n jáde, Renata pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ó ní òun á yọ fọ́tò náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí gbogbo rẹ̀ kúkú parí.

“Fi í sílẹ̀,” ni Bartkus wí. “Fi èmi náà sílẹ̀ níbẹ̀. Kọ ohun tí mo bá sọ sábẹ́ ẹ̀.”

Ohun tó ní kó kọ kò gùn: orúkọ rẹ̀, pé sẹ́lótéèpù ló wà lẹ́nu òun, pé aṣọ ìyàwó òun lòun wọ̀, àti pé kí àwọn tó ti rẹ́rìn-ín tán wo fèrèsé òkè àti ti ìsàlẹ̀. Àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń fi adé sí i lórí bẹ̀rẹ̀ sí í wá fèrèsé kiri. Àwọn ayálégbé náà rí tiwọn níbẹ̀, wọ́n rí ti ara wọn, wọ́n sì pe ìjọba ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹlifíṣọ̀n tún padà wá. Kí ìrì dídì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti so ara wọn rọ̀ sára ilé náà, wọ́n ń pààrọ̀ fèrèsé.

Wọ́n pààrọ̀ gbogbo èyí tó kọjú sódò, títí kan ti Bartkus. Wọ́n tú okùn wọn, wọ́n sì lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé, wọn kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Bartkus béèrè, máníjà ní iṣẹ́ ti parí, pé àwọn tún gbogbo ohun tó hàn nínú fọ́tò ṣe. Ẹ̀yìn yẹn ni Dolores Pytlak, ọ̀rẹ́ Adele, ń gbé, tówẹ̀lì ló sì fi dí tirẹ̀.

Renata sọ fún Emil pé òun ń lọ sí òkè Fineview ní apá kejì ìlú láti ya ẹ̀yìn ilé náà. Emil wo ojú rẹ̀, ó sì bá a gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ ọkọ̀.

Bartkus bá a lọ. Ó gbé kọfí nínú fúláàsì, ó sì ń ráhùn lórí àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kùrukuru ti bo gbogbo ìlú, kò sí ilé kan tó hàn. Wọ́n dúró títí. Bí kùrukuru bá fẹ́ ká, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mi kámẹ́rà. Bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, kùrukuru á padà. Renata bú atẹ́gùn, ó bú máníjà, ó bú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bartkus da kọfí fún un.

Fóònù Bartkus dún. Dolores ni. Ó ní òun ti ń ju ọwọ́ lójú fèrèsé láti àárọ̀ kí wọ́n lè mọ tòun, ṣé wọ́n ti yà á, àbí kí òun ṣì máa jù ú lọ.

Renata gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ lọ jókòó, Màmá, a ò tíì yà á, a ṣì ń dúró,” ló wí. “Ẹ lọ wọ nǹkan tó nípọn.”