Orin Kejìlá Tí Yolonda Fò

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Yolonda Pickett. Lọ́sàn-án Sátidé kan, lórí ètò rẹ̀ ní rédíò Bronx, níbi tó ti máa ń sọ èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn nínú ráàpù tuntun, ó kan àwo orin Cleophus Bratton. Cleophus ti lé láàádọ́ta ọdún, bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló ń wà, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti gbé orin jáde kẹ́yìn. Yolonda sún mọ́ máìkì.

"Ẹ bá mi sọ fún bọ̀ọ̀dá Clee kó máa wa bọ́ọ̀sì ẹ̀ lọ. Ibi tí orin yìí ń lọ, èrò kankan ò ní wọ̀ ọ́."

Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà ní sítúdíò bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti wọ fóònù gbogbo àdúgbò.

Ohun tí kò sọ ni pé àwo mọ́kànlá ló jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Inú ọkọ̀ ojú irin ló ti ń gbọ́ wọn, bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há. Nínú orin méjìlá tí Clee kọ, ó gbọ́ méjì, ó gbọ́ ìdajì ìkẹta, ó fo ìyókù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá rẹ̀ pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá wà ní Sátidé, níbi tó ti ń kọ́ orin pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, kò gbọ́ ètò náà rárá. Ayọ̀ ti gba ohùn rẹ̀ kan.

"Yoyo mi, orin ìkẹyìn yẹn, mo ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Mo mọ̀ pé ìwọ náà á ti sunkún."

Yolonda ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Bí màmá ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló wá orin kejìlá náà kàn. Inú orin ìkẹyìn ni àwọn olórin ráàpù ti máa ń kí àwọn èèyàn wọn, ibẹ̀ ni Clee náà ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ìlù:

*Mo kí Vernell Pickett níbi tó sùn sí,*
*Tó fa wáyà lára òpó iná, kí páàkì lè gbọ́ ìlù,*
*Tó gbé máìkì fún mi, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n.*
*Vernell, ọwọ́ mi ò gbọ̀n mọ́.*

Vernell ni ẹ̀gbọ́n Yolonda tó kú lọ́dún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Clee yìí kan náà ló gbé Yolonda jókòó sórí àpótí sípíkà ní páàkì nígbà tó wà lọ́mọdé, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di máìkì mú. Ojú tì í débi pé ó dojú fóònù dé, bí ẹni pé fóònù ń wò ó.

Ó lọ bá Clee lẹ́yìn iṣẹ́, níbi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀sì sí. Clee ń gbá inú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Yolonda bẹ̀bẹ̀ títí, ìgbálẹ̀ ò dúró.

"Orin wo lo gbọ́ dé?"

"Ìkẹta, bọ̀ọ̀dá mi. Ìdajì ẹ̀."

"Ìkẹta." Ó gbá ìdọ̀tí sílẹ̀. "Ká ní o gbọ́ ọ tán kó o tó ní kò dáa, màá bínú, àmọ́ màá jẹun, màá sùn."

Ó sọ fún un pé ilé ijó tó yẹ kóun ti kọrin ní Fúráìdè ti tìtorí yẹ̀yẹ́ náà ní kóun má wulẹ̀ wá mọ́. Yolonda ní òun á lọ bá wọn. Clee mirí.

"Má bá mi bẹ ẹnì kankan. Ṣebí orí rédíò lo ti sọ ọ́?"

Ọ̀gá Yolonda kìlọ̀ fún un pé atọ́kùn tó bá jẹ́wọ́ pé òun ò gbọ́ orin, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ mọ́. Nígbà tí Sátidé dé, ó jẹ́wọ́.

"Orin méjì àbọ̀ ni mo gbọ́ nínú méjìlá, mo wá fi ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó wá gbé gbogbo orin inú àwo náà sáfẹ́fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnì kan pè, ó ní òpùrọ́ ni Yolonda. Yolonda ní òótọ́ lẹni náà sọ. Nígbà tí Clee dárúkọ Vernell nínú orin kejìlá, ó rántí màmá, tí kò lọ kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, tó ń gbọ́ nílé, tó ti wá mọ̀ pé ọmọ òun purọ́ fóun. Lẹ́yìn náà ló tó sọ èrò rẹ̀: àwo náà dùn, àmọ́ orin kejì ti gùn jù.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀rọ̀ Clee ti bá a lórí fóònù: "Òótọ́ ni, ìkejì gùn." Kò kọ nǹkan mìíràn. Ilé ijó ò pe Clee padà. Yolonda tún bẹ̀rẹ̀ àwo náà láti orin kìíní, nígbà tó dé orí ìkejì, kò fò ó.