Ẹ̀jẹ̀ Ìkókó Lára Roheemat

Àwọn ọmọ ìyá méjì kan wà ní Ìlárá, lẹ́bàá bọ́dà. Toheebat, ẹ̀gbọ́n, ní sìkúlà, àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ọwọ́ á wú, ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀yìn kò ní jẹ́ kó jókòó. Àbúrò rẹ̀, Roheemat, kò mọ orí fífọ́ rí. Ọmọ yẹn á ti oko dé, á gún iyán, á tún máa jó nídìí odó. Toheebat á wà lórí ẹní, á máa wò ó, inú á sì máa bí i. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ fúnra wa, ó kórìíra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí eegun bá ń ro ó, ńṣe ló máa ń rò ó pé inú ìyá àwọn ni Roheemat ti jí ìlera òun gbé.

Kápúsù kan ló ń bá a dẹ ìrora náà. Òdìkejì ni wọ́n ti ń rà á, lọ́dọ̀ olóògùn kan ní Kétu. Nígbà tí ìjọba wá ti bọ́dà pa, tí kọ́sítọ́ọ̀mù àti sójà gba gbogbo ọ̀nà, oògùn dáwọ́ dúró. Toheebat ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Sàlímọ́tù, ìyá wọn, opó tí kò ní ju oko ẹ̀gẹ́ lọ, jókòó tì í, kò mọ èwo ni ṣíṣe.

Roheemat ló dìde. Ó bá àwọn obìnrin fàyàwọ́ wọgbó, wọ́n ń fi orí ru ìrẹsì wọlé láti òdìkejì. Ohun tí wọ́n bá san fún un ló fi ń ra kápúsù. Tó bá dé, á ní, "Ẹ gbà, Ẹ̀gbọ́n mi, kí n rí ẹ̀rín yín." Ara Toheebat á balẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dúpẹ́ púpọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí Ọlọ́run fún lágbára, kí ni kò ní fi ru ẹrù?

Kí wọ́n tó ti bọ́dà, Ìdùnnúolúwa, dókítà kan tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì, ti wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé tí sìkúlà wà. Ó padà wá sọ èsì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú. Inú igbó ni Roheemat wà lọ́jọ́ náà, Toheebat nìkan ló lọ.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní in," ni dókítà wí.

"Àbúrò mi kò ṣàìsàn rí, mà."

"Mo mọ̀. Sìkúlà ni, bíi tìrẹ gan-an." Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. "Ọmọ inú oyún ní irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, èyí tí sìkúlà kò lè bà jẹ́. Bí wọ́n bá bí i tán, ara á pa ẹ̀jẹ̀ ìkókó yẹn bí ẹni pa iná, á wá tan ti àgbà. Ti àgbà yẹn ni àìsàn wà. Ìlà kékeré kan nínú DNA wa ló ń pa á tó ń tàn án. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, àṣẹ ló ń pa. Láyé àtijọ́, ìlà yẹn yí díẹ̀ lára ẹnì kan, ẹ̀jẹ̀ ìkókó rẹ̀ kò kú tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ní sìkúlà kò kú ní kékeré bíi tàwọn ẹlòmíì. Wọ́n dàgbà, wọ́n bímọ, bó ṣe ń bá ìran bọ̀ nìyẹn. Roheemat jogún ẹ̀. Ìwọ kò rí i jogún."

"Bàbá kan náà ló bí wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni kọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ààbò yẹn ní ibi tó mọ. Ẹrù wúwo, oòrùn, òùngbẹ, wọ́n lè dá a wólẹ̀ kó má dìde mọ́. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń bá ìyá wa roko."

"Kó rọra. Tí ibì kankan bá ń dùn ún, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Sọ fún un."

"Mo máa sọ fún un, mà."

Kò sọ ọ́. Bó ti ń lọ sílé ló ń rò ó pé, bí Roheemat bá jókòó, ta ni yóò máa mú kápúsù wá? Ìbínú sì tún wà níbẹ̀. Àṣé Roheemat kò jí nǹkan kan gbé. Àìsàn kan náà ni àwọn jọ ní, Roheemat wá ń fi tirẹ̀ jó.

"Kí ni dókítà wí?" ni Roheemat bi í nígbà tó dé.

"Ó ní kí n má fi oògùn mi ṣeré."

"Màá tún lọ lọ́jọ́ ọjà nìyẹn."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé. Kọ́sítọ́ọ̀mù lé Roheemat àtàwọn aláàárù yòókù wọ igbó, tẹrù tẹrù, wọ́n sì lúgọ síbẹ̀ láìrí omi mu títí oòrùn fi kanrí. Ọlọ́kadà kan ló gbé Roheemat wálé. Ó dùbúlẹ̀, ó di itan rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú eegun ni. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe yín nìyí?"

Toheebat mọ̀ ọ́n. Ó mọ ibi tí ìrora náà dé àti ibi tó ń lọ. Inú rẹ̀ dùn, Ọlọ́run jẹ́rìí, inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan nínú ilé yẹn tọ́ ọ wò nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà á. Tí wọ́n bá gbé e dé ọsibítù, wọ́n á rí i pé sìkúlà ni, wọ́n á sì mọ̀ pé dókítà ti sọ fún òun.

Sàlímọ́tù ti wé gèlè. "Ìwọ lo mọ ìrora nínú wa. Ṣé ká gbé e lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò? Ọlọ́kadà ṣì wà níta."

"Rárá, Màmá. Tèmi kì í rí báyìí. Ibà ni. Ẹ fún un lágbo."

Ìyá gbà á gbọ́. Ta ni ì bá tún bi? Ọlọ́kadà bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ojú Roheemat ti pọ́n bí pupa ẹyin, kò lè mí dáadáa. Kí Sàlímọ́tù tó rí ọ̀kadà mìíràn, ó ti kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Àwọn obìnrin àdúgbò ń bá Toheebat kẹ́dùn, wọ́n ní àánú rẹ̀ ló ń ṣe àwọn jù. Sàlímọ́tù gbá a mọ́ra. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Oògùn ẹ kò ní tán. Èmi fúnra mi ni màá máa bá wọn ru ìrẹsì."

Toheebat gbórí lé e léjìká. Kápúsù ti fẹ́ tán.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, Màmá," ló wí.