Lẹ́ǹsì Bàbá

Lẹ́ǹsì méjì ni onífọ́tò náà tò sórí ibùsùn ìyá rẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n ṣe pọ̀ mọ́ kámẹ́rà rẹ̀ tuntun, ó ń fúnra rẹ̀ wá ojú èèyàn rí. Èkejì jẹ́ ti bàbá rẹ̀ olóògbé, òun ni bàbá fi bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ìyẹn ò lè wọ kámẹ́rà tuntun àfi kí òrùka irin kan so wọ́n pọ̀, ọwọ́ lèèyàn sì máa fi yí i títí ojú á fi hàn kedere.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n lo tuntun. Kíá ló máa yà yín."

"Ti bàbá yín ni kóo lò. Òun ló mọ ojú mi."

Ó fẹ́ jiyàn, àmọ́ dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé Mọ́mì lọ sílé. Fọ́tò ìkẹyìn nìyí, kò ní tan ara rẹ̀ jẹ. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà mọ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ti jókòó níwájú ọmọ yìí, ìyá tó bí i ò jókòó rí. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó so lẹ́ǹsì àtijọ́ mọ́ ọn, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Bàbá náà máa ń pẹ́ báyìí, títí ọrùn oníbàárà á fi máa ro ó. Mọ́mì tẹjú mọ́ lẹ́ǹsì náà, ojú wọn tàn.

"Bàbá wọn, ẹ tún ti ń pẹ́ o. Ọrùn ń ro mí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín tó kù lẹ́nu wọn hàn. Onífọ́tò tẹ bọ́tìnì. Kámẹ́rà dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kámẹ́rà: "Kò sí lẹ́ǹsì."

Lẹ́ǹsì tí kámẹ́rà yìí ò bá lè bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé kò sí ló kà á sí, àfi téèyàn bá ti kọ́kọ́ pàṣẹ fún un pé kó máa yà á bẹ́ẹ̀. Ó ti pàṣẹ yẹn tipẹ́. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa gbogbo ètò inú kámẹ́rà rẹ́ láàárọ̀, pé kó lè mọ́ tónítóní fún Mọ́mì. Kó tó wá ibi àṣẹ náà rí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mọ́mì ti fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, wọ́n ti dijú.

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé, Mọ́mì."

"Ṣé mo rẹ́rìn-ín dáadáa?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa." Ó fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Mọ́mì ò dìde jókòó mọ́. Ọjọ́ kẹta, wọ́n jáde láyé. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi pè láti òkèèrè, tẹkúntẹkún.

"Àbúrò mi, má wulẹ̀ wá fọ́tò kankan kiri fún ìsìnkú. Mọ́mì ti pè mí kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní o fi lẹ́ǹsì Bàbá ya àwọn, pé àwọn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni kóo fi ránṣẹ́ sí mi."

Ó fi ọwọ́ kan di fóònù mú, ó ń fi èkejì yí lẹ́ǹsì Bàbá díẹ̀díẹ̀.