Ènì Màdámù

Dùnsìn fi rúlà gbá ojú agolo náà dọ́gba, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun. Kò sí hóró ẹ̀wà kan tó ga ju èkejì lọ. Ó dà á sínú ọ̀rá Zikrullah. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ abọ́ ike, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì jù ú lé e.

Morádéyọ̀ olùkọ́ wọn dijú. Olùrajà kẹta nìyẹn. Ó ti rí i lára Tẹ́milọ́rùn àti Oríyọmí, àwọn méjì àkọ́kọ́, ojú Màdámù tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí Morádéyọ̀ ti ń ti Ìkòròdú wá ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yìí ní Ẹ̀pẹ́ ló ti tú bẹ́ńṣì kíláàsì kẹta ká, ó ní ohun tí ọwọ́ ọmọ bá ṣe, orí rẹ̀ kì í gbàgbé é. Wọ́n ti fi amọ̀ mọ ẹja. Wọ́n ti fi okùn wọn ìdí igi máńgòrò. Màdámù Adéyọ̀sí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, wo gbogbo rẹ̀, ó ní, "Mo ń bọ̀ wá wo ìṣirò yín. Tó bá jáde, ó dáa. Tí kò bá jáde, káfíńtà á kan bẹ́ńṣì wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, kí ojú gbogbo wọn padà sí pátákó."

Màdámù kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Bàbá Mubashir káfíńtà ti dúró lójú fèrèsé báyìí, hámà lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu bí ẹni ń rin orín.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Agolo ẹ̀wà méjìlá ló wà nínú abọ́. Olùrajà mẹ́rin, agolo mẹ́ta-mẹ́ta. Abọ́ á ṣófo, ọ̀rá á kún, inú Màdámù á dùn. Morádéyọ̀ ti ro gbogbo rẹ̀ tán nínú bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí kò rò ni pé ọmọ ẹlẹ́ja ló máa jókòó sídìí abọ́.

"Dùnsìn, agolo mẹ́ta ni mo ní kí o wọ̀n."

"Mẹ́ta náà ni mo wọ̀n, Àǹtí. Ènì nìyẹn."

"A ò ní kí o fi ènì sí i."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó má kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀. "Tí n kò bá fi sí i, ṣé wọ́n á tún padà wá sọ́dọ̀ mi?"

Fìyìnfólúwa ló kàn láti rajà. Màdámù dìde. "Jókòó, ọmọ. Èmi ni mo fẹ́ rà á." Ó la ẹnu ọ̀rá tirẹ̀ sílẹ̀.

Agolo kìíní kún. Èkejì kún. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, agolo ń ha ìdí abọ́ lásán. Dùnsìn yí abọ́ náà dà, ó wo abẹ́ rẹ̀, bóyá ẹ̀wà sá síbẹ̀.

"Ó ti tán, mà."

Bàbá Mubashir yọ ìṣó kan lẹ́nu.

"Ṣé ẹ rí i, Àǹtí Morádéyọ̀?" ni Màdámù wí. "Méjìlá ti di mọ́kànlá. Eré ti jẹ ìṣirò." Ó lọ́ ẹnu ọ̀rá rẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ló bá dúró. Ó yí padà, ó tún la ọ̀rá náà.

"Ènì mi dà?"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó sọ ọ́ tó gbọ́ ọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ẹ̀pẹ́ níbí ni wọ́n bí Màdámù, kò sì tíì ra ẹja lọ́jà rí kó lọ láìgba ènì. Bàbá Mubashir tu ìṣó tó kù sọ́wọ́.

"Màdámù," ó ní, "ẹ̀yin náà?"

Morádéyọ̀ gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà já.

Zikrullah ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ gba tèmi." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ọ̀rá rẹ̀, ó dà á sínú agolo tó ṣófo. Tẹ́milọ́rùn da tirẹ̀. Oríyọmí fa ojú ro díẹ̀, ó da tirẹ̀ náà. Ẹ̀wà gun òkè, ó kan ẹnu agolo. Dùnsìn fi rúlà gbá a.

Ó dọ́gba.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ agolo. "Kò sọnù, Àǹtí. Ènì ló jẹ́." Ó ronú díẹ̀. "Tí mo bá tún máa tà, màá kọ́kọ́ yọ agolo ènì sọ́tọ̀. Mọ́kànlá tó kù ni màá wá pín."

"Mọ́kànlá ò ṣeé pín sí mẹ́rin," ni Zikrullah wí.

"Ta ni ó wí bẹ́ẹ̀?"

"Kà á, o máa rí i."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Oríyọmí ní kí wọ́n dín ènì kù. Wọ́n hó lé e lórí.

"Bàbá Mubashir," Màdámù pè é.

"Mà."

"Kí lẹ ń fi hámà dúró ṣe níbẹ̀? Ẹ wá igi, kí ẹ kan tábìlì ọjà fáwọn ọmọ yìí. Kó mọ níwọ̀n gíga wọn."

Morádéyọ̀ mú ṣọ́ọ̀kì, ó fẹ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n tún ṣì í. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kan tó kọjú sí pátákó. Gbogbo orí ti pàdé lórí abọ́ ike, gèlè Màdámù wà láàárín wọn, ó ń sọ fún Dùnsìn pé agolo kẹta ti pé lóòótọ́, àmọ́ ènì òun ṣì kù.

Morádéyọ̀ rọra dá ṣọ́ọ̀kì padà síbi tó ti mú un.