Àna Mi ni Dókítà Òwú

Ẹ má tíì dá ẹjọ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àna yín máa dọ̀bálẹ̀ kí yín lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kí orúnkún rẹ̀ máa ró kó tó kan sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bí ẹ ṣe máa wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ yín lọ́rùn mọ́.

Ọláwuyì lorúkọ mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Òde-Ayé. Ẹni tó bá mọ̀ mí níbẹ̀ mọ̀ pé ẹnu mi kì í wúwo láti sọ ohun tí mo bá rí. Mo ti ní kí ọmọ kánsẹ́lọ̀ tún kíláàsì kà rí, bàbá rẹ̀ sì jókòó síwájú mi, ó ń wò mí. Ṣùgbọ́n kánsẹ́lọ̀ kì í ṣe àna.

Àna tí mò ń wí yìí ni Adéjọbí, tí mò ń pè ní Bàbá Súnkànmí. Súnkànmí ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ Morìnsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Lọ́jọ́ ìdána àwọn ọmọ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, ọdún mẹ́fà rèé, kò sì tíì sinmi. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, síbẹ̀ ó ń nà gbọọrọ síwájú mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kó fi í sílẹ̀. Ó ní òun gba ọmọ lọ́wọ́ mi, òun ò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tó gbàgbé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ló fi jẹun. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun ló ń gun alùpùpù láti Àyèká dé Akotogbo, tó ń gún ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́. Kò gboyè dókítà, ṣùgbọ́n Dókítà ni gbogbo ìlú ń pè é, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Ẹran tó gbà là kò níye.

Lóṣù kẹta ọdún yìí ni Morìnsọ́lá fi ajá ránṣẹ́ sí mi láti Èkó. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ó sì ní ilé náà dákẹ́ jù fún mi. Inú bí mi. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ajá ṣe, kí lolè fẹ́ wá gbé nílé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí dẹ́rẹ́bà gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú páálí ní gáréèjì Òkìtìpupa ni mo rí i pé kì í tiẹ̀ ṣe ajá tí í lé olè. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Lásà ni. Ó funfun, irun bo ojú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ kò ju bàtà mi méjèèjì lọ. Mo pè é ní Òwú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, orí ẹsẹ̀ mi ló ń sùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn ajá náà. Mo máa ń sọ fún un ohun tí mo bá fẹ́ sè, á sì wò mí bíi pé òun náà ní èrò tirẹ̀ nípa ọbẹ̀.

Morìnsọ́lá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ajá ti délé, ọkọ rẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì dé ilé mi ní Sátidé pẹ̀lú báàgì dúdú tó ti ń gbé kiri láti ìgbà iṣẹ́ ìjọba. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní òun lòun máa tọ́jú ajá àna òun, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò gba kọ́bọ̀. Ká ní ó ń gbowó ni, ǹ bá rí ọ̀nà jáde, nítorí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni, èèyàn lè rọra má lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ti ẹni tó ń fi ọ̀wọ̀ ṣe é fúnni ńkọ́?

Nígbà tó gún un lábẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, Òwú sùn títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó tún gún un, ó ní ti aràn àti eégbọn ni. Kó tó di ọ̀sán, itọ́ ń dà lẹ́nu ajá náà, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó ti mu ògógóró, ó ń forí sọ ẹsẹ̀ àga. Mo pè é, kò mọ ibi tí ohùn mi ti ń wá. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń fi ṣíbí rọ omi sí i lẹ́nu, tí mò ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo sọ fún àna mi, ó ní aràn ló ń jà nínú rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, òun á fún un ní òmíràn ní òpin oṣù kó lè parí pátápátá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Mo gbìyànjú láti yọ ara mi. Mo ní ara Òwú ti le, kí wọ́n má ṣe ìyọnu mọ́. Ó ní ìyọnu kọ́, ojúṣe ni. Mo ní mo ń lọ sí Òde-Ayé ní Sátidé náà. Ó ní òun á jókòó dè mí. Mo rò ó pé kí n purọ́ pé mo ti dá ajá padà sí Èkó, ṣùgbọ́n ilé ọmọ tirẹ̀ náà ni Èkó tí mò ń wí, fóònù á ti dún kí n tó pa ẹnu dé. Mo wá pe Morìnsọ́lá, mo sọ òótọ́ fún un, pé mo fẹ́ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn.

“Dáàdì, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Ẹ ò mọ bí Súnkànmí ṣe ń fi bàbá ẹ̀ yangàn ni. Tẹ́ ẹ bá gbé ajá kúrò lọ́wọ́ wọn, gbogbo Òkìtìpupa á gbọ́ pé bàbá mi ní bàbá ọkọ mi ò mọṣẹ́. Èmi ni màá sì wà láàárín ẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo bínú sí i, mo bínú sí ọkọ rẹ̀, mo tún bínú sí ajá náà pé ó kéré. Inú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni mo jókòó sí, kò sì sí ilẹ̀kùn tí mo lè gbà jáde.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú òpin oṣù, mo gbé Òwú sínú báàgì ọjà, mo fi aṣọ bò ó, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àyèká. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Susan ti ṣí ilé ìtọ́jú ẹranko síbẹ̀. Èmi, ọ̀gá ilé-ìwé, mo fa fìlà bo ojú bí ẹni tó lọ jí nǹkan. Ọlọ́kadà bi mí ohun tó ń mira nínú báàgì, mo ní adìẹ ni. Òwú gbó. Ọlọ́kadà náà ò bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí a fi débẹ̀.

Dókítà Susan gbé Òwú sórí òṣùwọ̀n, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun. Kò pé kílò méjì. Ó bi mí pé báwo ni oògùn tí wọ́n gún un ṣe pọ̀ tó. Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún síríńjì. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé oògùn náà kì í ṣe májèlé, pé ẹran ńlá ni wọ́n ń fún níwọ̀n bẹ́ẹ̀, àti pé ìwọ̀n tí Òwú lè gbà kò ju kó kán lẹ́ẹ̀kan lọ.

“Bàbá,” ó ní, “tí wọ́n bá tún gún un bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní jí.”

Ó ní òun ò bi mí lẹ́ni tó ṣe é, ṣùgbọ́n kí n mú ẹyọ kan nínú dókítà méjèèjì, nítorí òun ò lè máa tún ohun tí ẹlòmíràn ń bà jẹ́ ṣe. Ó fún mi ní káàdì kékeré kan tí orúkọ Òwú wà lára rẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ sáàárín Bíbélì bíi lẹ́tà àlè. Ní ọjọ́ méjì tó kù, mo kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa bá àna mi sọ sínú ìwé, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, bíi pé mò ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Sátidé pé. Mo ti Òwú mọ́ yàrá. Àna mi dé, orúnkún rẹ̀ ró, ó sì nà sílẹ̀, gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé sì fò lọ. Ó ní òun ń gbọ́ ajá tó ń ha ilẹ̀kùn, kí n gbé e wá. Mo gbé e wá. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi gbé e lé e lẹ́sẹ̀, ojú sì tì mí gan-an.

Ó yọ ìgò oògùn jáde. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wo òun fúnra rẹ̀ dáadáa, torí láwọn ìgbà tó kù, ajá ni mo máa ń wò. Kò wo ìgò náà. Ó ṣí i, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fa oògùn náà sínú síríńjì, ó sì ń fi èékánná wá ibi tó dé. Ara ògiri lojú rẹ̀ wà. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún márùndínlógójì. Mo mọ ọmọ tí kò rí pátákó, tó ń ṣe bíi pé òun ń kà á.

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti di àna. Ìkálẹ̀ ni a jọ ń sọ, èdè ilé-ìwé ni mo fi ń kọ ọ́ síbí kó lè yé gbogbo èèyàn.

“Bàbá Súnkànmí, ẹ dákun, nọ́ńbà mélòó ló dé?”

Ó ní kò tíì dé ẹyọ kan. Mo wò ó. Mẹ́rin ni, ó sì lé. Mo sọ fún un. Ọwọ́ àwa méjèèjì ṣì wà lókè, Òwú na ọrùn, ó ń lá ìka rẹ̀. Ó wá tẹ síríńjì náà, ó da oògùn inú rẹ̀ sílẹ̀ títí tí kò fi ku nǹkan kan.

“Láti Kérésì ni mi ò ti rí i kà mọ́,” ó ní. “Súnkànmí ò mọ̀. Ìyá ẹ̀ ò mọ̀. Gbogbo Sátidé tí mo bá ń bọ̀ níbí, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé òní ni tíṣà máa rí mi. Ẹ̀yin ni mò ń retí kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ ò sọ ọ́.”

“Àna mi ni yín,” mo ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà, àna mi ni yín.”

Mo bi í nípa ewúrẹ́ àwọn èèyàn. Ó ní òun ti fi gbogbo wọn sílẹ̀, òun purọ́ fún wọn pé orúnkún ni. Ajá àna òun nìkan lòun ò mọ bí òun ṣe máa kọ̀, nítorí Súnkànmí ti ṣèlérí fún Morìnsọ́lá, Morìnsọ́lá sì ti dúpẹ́. Mo jókòó tì í. Mo lọ mú káàdì inú Bíbélì wá, mo kà á sí i létí. Ó fọwọ́ pa á, ó bi mí bóyá ọmọbìnrin náà mọṣẹ́. Mo ní ó gbé Òwú sórí òṣùwọ̀n kó tó sọ ohunkóhun. Ó mi orí, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún, pé kí àwọn ọmọ má gbọ́. Mo ti gbà kó tó sọ tán. A fi í sí pé òun á ṣì máa wá ní Sátidé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ má bàa bèèrè nǹkan, èmi á sì máa gbé Òwú lọ sí Àyèká ní Ọjọ́rú, tèmi ti fìlà lójú. Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi dún. Morìnsọ́lá ni. Ó bi mí bóyá wọ́n ti dé, bóyá wọ́n ti fún ajá ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àna mi kọjú sí ibi tí ohùn náà ti ń jáde, kò mira.

“Wọ́n ti tọ́jú ẹ̀,” mo ní. “Ọwọ́ wọn dáa.”

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó tún dọ̀bálẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó dìde lọ́tẹ̀ yìí. Èmi tí mo fún un lọ́mọ, mo kó agbádá mi jọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú. Orúnkún tèmi náà ró. A dojú kọra lórí sìmẹ́ńtì, ó na ọwọ́, ó fi kàn mí léjìká láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú wa, nígbà tó sì yá, kò sẹ́ni tó lè dìde. Òwú rò pé eré la bẹ̀rẹ̀, ó ń sáré yí wa ká.