Ẹni Tí Yóò Sọ Ọ́ Fún Wọn

Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Cornelius ti ní kí Ọmọ́délé mú orúkọ èèyàn mẹ́rin wá nínú àwọn tó ń di àpò tí wọ́n sì ń rù ú ni oúnjẹ ti kọ̀ láti gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà tó ti Ìlaro lọ sí Ọjà-Ọdán. Ọ̀gá Cornelius ni máníjà. Ọmọ́délé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́: òun ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, òun ló ń fún wọn láyè nígbà tí ara wọn ò bá yá, òun náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún tí ìyàwó wọn bá bímọ. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Lójú ti ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò le. Ẹ̀rọ tuntun ti dé tí yóò máa gbé àpò láti inú ilé ìkẹ́rùsí dé ẹ̀yìn lọ́rì, àwọn oníbàárà tó ń ti Kútọnu wá rajà ò sì wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá dín èèyàn kù, ilé iṣẹ́ á kógbá sílé. Ó ní kí Ọmọ́délé fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn mẹ́rin náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí oníkálukú bá ti délé, kí àwọn ọlọ́dẹ sì dá wọn padà lẹ́nu géètì tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Ajé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà.

Ìlaro kì í ṣe ìlú tí èèyàn ti lè fara pamọ́. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ló mọ ilé tí Ọmọ́délé ń gbé ní Pahayi. Wọ́n mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, pé òun àti Purity, ọmọ rẹ̀ obìnrin, nìkan ló wà nílé. Ọkùnrin kan wà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ adìyẹ kan nítòsí. Ọ̀sán gangan ni wọ́n fọ́ gbogbo gíláàsì ojú fèrèsé rẹ̀, kò sì sí ará àdúgbò tó rí ẹni tó fọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ìtàn yìí ni Ọmọ́délé ń gbé kiri nínú ọkàn. Tí ọ̀kadà bá dẹ eré lẹ́yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Tí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé kó tó dáhùn. Ó ní kí Purity má dá ti ilé ìwé bọ̀ mọ́, nígbà tí ọmọ náà sì béèrè ìdí, ó jágbe mọ́ ọn.

Ẹni tó ń bà á lẹ́rù jù lọ ni Kòkúmọ́. Ọkùnrin náà ga, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí dírẹ́bà kan ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, tó kù díẹ̀ kó fún ẹnì kan pa mọ́ ara ògiri, Kòkúmọ́ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa dírẹ́bà náà bọ́ọ́lẹ̀, ó gbé e jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́ jókòó, ó sì padà sídìí àpò rẹ̀ láìwí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, àwọn dírẹ́bà ló ń kọ́kọ́ kí i. Bẹ́ẹ̀, bí Ọmọ́délé ṣe lè wò ó tó, iṣẹ́ tí Kòkúmọ́ ń ṣe gan-an ni ẹ̀rọ yẹn wá gbà. Ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó fi ti ẹlòmíràn dípò, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé ìbẹ̀rù ló yọ ọ́. Ó dá a padà. Ó tún yọ ọ́. Níkẹyìn, Kòkúmọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú Lukman, Qúdrát àti Toheebat.

Àsìkò yẹn gan-an ni oko ńlá kan lẹ́yìn Ayétòrò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó ti pẹ́ tó ti kọ̀wé síbẹ̀, ó tilẹ̀ ti gbàgbé. Ayétòrò ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ sì ni Màmá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún un. Bí wọ́n bá gbà á ní Ọjọ́rú, á fi iṣẹ́ Ìlaro sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá bọ́ sípò rẹ̀ ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹ̀gún náà. Ó parọ́ fún Ọ̀gá Cornelius pé ara Màmá òun ò yá.

Lójú ọ̀nà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá bọ́ọ̀sì wọn dúró, wọ́n ń wá ìrẹsì. Ọ̀kan nínú wọn tẹjú mọ́ Ọmọ́délé, ó ní kí ló dé tó ń làágùn báyìí, kí ló gbé? Kò gbé nǹkan kan ju àpò tí sátífíkéètì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó di àpò náà mú bí ẹni tó gbé ẹrù òfin.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó dè é nínú oko náà. Wọ́n bi í léèrè ibi tó ti kàwé àti ohun tó ti ṣe, ó dáhùn, ọkàn rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan tó wọ ìgò ojú, tó jọ pé òun ni àgbà wọn, ló wá béèrè èyí tó kẹ́yìn.

“Tí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, báwo lẹ ṣe máa ṣe é tí wàhálà ò fi ní sí?”

Ọmọ́délé ò mọ ìgbà tó lanu. Ó ní òun á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí oníkálukú ti wà nílé ara rẹ̀ kó tó gbọ́. Ó ní òun á ti bá àwọn ọlọ́dẹ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n wọlé mọ́.

Àwọn mẹ́ta náà wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá náà ní irú èèyàn tí àwọn ń wá nìyẹn. Ó ṣàlàyé pé àwọn fẹ́ dín òṣìṣẹ́ oko náà kù sí ìdajì kí ọdún tó parí, pé ẹni tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀ ló ní òun ò lè ṣe é tó fi lọ. Bí Ọmọ́délé bá ti gbà, iṣẹ́ ti di tirẹ̀.

Òtútù mú un nínú ooru yẹn. Ó dà bí ẹni tó sá fún òjò tó wá lọ já sódò. Ohun tó sì dẹ́rù bà á ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Cornelius ṣe bọ́ lẹ́nu òun geere, láìkọsẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ rò ó.

Ó yà lọ́dọ̀ Màmá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Màmá ń bó ẹ̀pà lọ́wọ́, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tó sọ tán ni ìyá náà béèrè bóyá yóò gba iṣẹ́ náà. Ọmọ́délé ní òun ò mọ̀, ẹ̀rù ló ń ba òun.

“Mo rí i,” ni Màmá wí. “Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti ń sọ̀rọ̀, ara tìẹ nìkan ni mo gbọ́ pé ò ń bẹ̀rù fún. Àwọn mẹ́rin yẹn ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọmọ́délé débi pé kò jẹun kó tó lọ wọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe àwọn ará oko náà, ó ní òun ò ní lè wá. Lẹ́yìn náà ló wọlé tọ Ọ̀gá Cornelius lọ. Ó ní òun ò ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹnu òun fúnra òun lòun máa fi sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀gá wò ó títí.

“Tí nǹkan kan bá ṣe ọ́, má ní mi ò kìlọ̀ fún ọ o,” ó wí.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ò tíì jẹun ọ̀sán tí Ọ̀gá Cornelius ti wọ mọ́tò rẹ̀, tó lọ.

Lukman, Qúdrát àti Toheebat ló ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ́délé fẹ́ pè wọ́n kí wọ́n tó lọ. Ó dìde, ó tún jókòó. Ó ń wò wọ́n lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ, tí Toheebat ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan tí Lukman sọ, títí wọ́n fi gba ẹnu géètì jáde.  Ó wá ku Kòkúmọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ọ̀sán. Ọmọ́délé mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ kí èyí náà lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ lòun máa padà fi rán. Ó ní kí wọ́n bá òun pè é.

Kòkúmọ́ wọlé, ó ṣí fìlà. Ọmọ́délé ní kó jókòó, ó ní òun á dúró.

“Bàbá Habeebah,” ni Ọmọ́délé wí, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹlòmíràn létí rẹ̀, “ẹ̀rọ tuntun yẹn ti gba iṣẹ́ yín. Òní lẹ máa ṣiṣẹ́ mọ níbí. Èmi ni mo mú orúkọ yín.”

Kòkúmọ́ wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Ó yí padà, Ọmọ́délé rò pé ó fẹ́ jáde ni. Ó lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó fa irin rẹ̀ sí i, ó wá dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí Ọmọ́délé.

Ọmọ́délé wá ọ̀nà tí yóò gbà sá. Irin ló wà lójú fèrèsé, ẹ̀rọ sì ń pariwo níta, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ bó bá lọgun. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò na. Purity ló ń rò, pé ta ni yóò lọ mú un nílé ìwé. 

Ó wá rí i tí èjìká ọkùnrin náà ń mì. Fìlà ló fi bojú. Ó ti ilẹ̀kùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí i pé ó ń sunkún.

Ó fi fìlà náà nu ojú. “Màdáámù,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi délé. Mi ò lè dá sọ ọ́ fún Ìyá Habeebah. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Ó ní ìyàwó òun kọ̀ nígbà tí àwọn fẹ́ fi oko Ìmẹ̀kọ sílẹ̀ wá sí Ìlaro. Òun lòun mú un ní dandan, tí òun ń sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ́ òrùlé kì í gbẹ bí iṣu.

Ọmọ́délé ò fẹ́ lọ. Ó ro bí yóò ṣe tẹ̀ lé ọkùnrin yìí dé àárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi yí òun ká. Ṣùgbọ́n kò rí ẹnu fi kọ̀ ọ́. Ó pe ilé ìwé kí wọ́n bá òun mú Purity dúró, ọ̀kadà méjì sì gbé wọn.

Àpèkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń fọṣọ lágbàlá. Bó ṣe rí ọkọ rẹ̀ tó padà dé láìtó àkókò, tí obìnrin ọ́fíìsì tẹ̀ lé e, ó dìde, ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló kú?” ó béèrè.

Kòkúmọ́ wo Ọmọ́délé. Ọmọ́délé ló sọ ọ́. Àwọn ará ilé ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Àpèkẹ́ nu ọwọ́ sí ìrọ́. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó jalè, ó ní rárá. Ó bi í bóyá ó jà, ó ní rárá. Ó wá kọjú sí Ọmọ́délé, ó ní ṣé òun ló yọ ọ́. Ọmọ́délé ní òun ni. Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Àpèkẹ́ ní kí ọkọ òun wọlé, omi ìwẹ̀ ń bọ̀. Kò fi àga lọ Ọmọ́délé.

“Ṣé òun nìkan ni?”

“Ó ku mẹ́ta. Wọn ò tíì gbọ́.”

“Kí lẹ wá ń ṣe níbí?” ni Àpèkẹ́ wí. “Ẹ lọ bá wọn. Ṣé ìta lẹ fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ ni?”

Ó lọ. Ìyá Toheebat ṣépè lé e lórí títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Lukman wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Qúdrát dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá, èyí ló sì mú kó sunkún lórí ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó fọ́ fèrèsé rẹ̀. Síbẹ̀, ó pẹ́ kó tó bọ́ lọ́wọ́ àyà jíjá. Kòkúmọ́ kó ìdílé rẹ̀ padà sí Ìmẹ̀kọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Jímọ̀ náà, Ọ̀gá Cornelius pe Ọmọ́délé, inú ọ̀gá náà dùn. Ó ní kò sí ariwo, kò sí ìjà, ó ṣe é dáadáa débi pé tí ẹ̀rọ kejì bá dé, Ọmọ́délé ni yóò tún mú àwọn tó kàn.

Ọmọ́délé ní ó dáa, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa lọ láti ojúlé dé ojúlé.

Ọ̀gá Cornelius rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wo ojú obìnrin náà tó rí i pé kò ṣeré, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó lọ sójú fèrèsé, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ níta, ó sì tì í.